Ọ̀dà Tí Màmá Kọ̀ Láti Tà

Bí ọjà bá ti kúrò nínú ọgbà wa, oorun náà a kúrò lójú ìyá ìyá mi. Ẹlòmíràn, ìgbà tí ọjà ò bá tà ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ní ti Màmá, ìgbà tó bá tà gan-an ni ìdààmú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀dà náà ò ní ṣí lára ògiri? Ṣé àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ la gbé fún un? Ta ló bá a gbé e sọ̀kalẹ̀, ṣé ó kí i dáadáa? A ti sin Màmá báyìí. Àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé onígbàgbọ́ ni wọ́n, pé wọ́n lawọ́, pé wọ́n bímọ, wọ́n sì tọ́mọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù máa ń ba Màmá. Èmi tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ wa, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ìgboyà kọ́ tirẹ̀.

Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé ni Màmá ń ṣe tà. Agége ni ilé-iṣẹ́ náà wà, lápá ibi tí ojú irin ti ń forí lé Ìkẹjà. Àwọn tó ń yan búrẹ́dì wà lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń jó irin wà lápá òsì. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná a pò mọ́ òórùn ọ̀dà, títí ẹni tó bá jẹ́ àlejò ò fi ní mọ̀ bóyá ebi ń pa òun tàbí èébì ń gbé òun. Ọkọ Màmá, bàbá ìyá mi, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù kan àti igi tí wọ́n fi ń rò ó. Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí rò pé Màmá á kó ẹrù padà sí Èkìtì. Wọn ò kó o. Wọ́n gbá igi náà mú, wọ́n ń rò ó lọ. Gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n ní Màmá Ọlọ́dà.

Wọ́n ní ìwà kan tó máa ń kó ìtìjú bá wa. Ògiri tí Màmá bá ti sún mọ́, wọ́n á fọwọ́ pa á. Ì báà ṣe ògiri ilé ìwòsàn, ì báà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹbí wa lọ mọ ẹbí ọkọ mi l'Ọ́gbà, pálọ̀ kún, gbogbo wa múra, ẹni tó ń darí ètò ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Màmá tí wọ́n na ọwọ́ sí ògiri. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ṣí ọwọ́ wò. Ẹfun ló kún un.

Bàbá ọkọ mi rí wọn. "Ṣé kò sí o, Mà?"

"Kò sí," Màmá dáhùn. "Ta ló kun ilé yìí fún yín?"

Inú bàbá ọkọ mi dùn. "Ọ̀dà yín ni, Mà! Ìgbà tá a gbọ́ pé ilé ọlọ́dà lọmọ wa ti ń fẹ́yàwó, a ní a ò gbọdọ̀ ra ti ẹlòmíràn."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú wọn ti yí padà. Ìyókù ọjọ́ yẹn, wọ́n kàn jókòó ni, wọn ò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ẹni tó kun ilé náà ló da omi púpọ̀ jù sí i kó lè pọ̀. Ẹ̀bi wa kọ́, gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ò gbà. Wọ́n rán àwọn akunlé lọ tún pálọ̀ àna mi kùn láti òkè délẹ̀, àti láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá lọ tajà fún wa gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa kun ilé, kó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pò ó fún un. Kì í ṣe ẹni tó rà á nìkan. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ọjọ́ ìdùnnú mi yẹ ògiri wò." Wọ́n ní, "Ẹnu èèyàn lè pọ́n mi lé, ọmọ mi. Ògiri kì í bá àtẹ́lẹwọ́ purọ́."

Bí oníbàárà bá wá bínú, tó ń kígbe ní géètì, Màmá a fún un ní àga, wọ́n á fún un lómi, ara wọn á sì balẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rù. Alhaji kan wà ní Dopemu tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́. Ó ti ń ra ọjà wa láti ayé bàbá mi àgbà. Lójijì kò rà mọ́. Kò bá wa jà. Tí a bá pàdé, á kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, á béèrè Màmá, á béèrè ọmọ. Ẹni tó ń bá wa tajà lápá ibẹ̀ sọ pé ọjà ni ò yá. Màmá wọ bàtà, wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ.

A dé ṣọ́ọ̀bù Alhaji, Màmá jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ ọjà rárá. Ojú wọn kàn ń lọ káàkiri orí pẹpẹ. Lẹ́yìn pẹpẹ, nísàlẹ̀, ni garawa wa jókòó sí, eruku bò wọ́n. Àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn.

"Alhaji," Màmá ní, "ta ló ń fi àwọ̀ ewé kunlé ní Dopemu?"

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Funfun ni wọ́n ń béèrè. Funfun àti àwọ̀ ẹyin."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á?"

"Ọmọ tó ń bá yín tajà ló ń gbé e wá. Ó ní òun ló pọ̀ nílé. Mo ní tí mo bá kọ̀ ọ́, ẹ lè rò pé mo ń bá yín jà. Ọkọ yín sì ṣoore fún mi."

Ìtìjú ni ọkùnrin náà fi ń rà á, nígbà tí ìtìjú sì pọ̀ jù, ó sá fún wa. Ọjọ́ yẹn ni òfin kan wọlé sí ọgbà wa: kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù sọ́kọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti lọ béèrè ohun tó tà àti ohun tó jókòó lọ́wọ́ oníbàárà. Kì í ṣe ohun tó pọ̀ nílé la ó máa gbé jáde. Nígbà tá a ń bọ̀, Màmá di apá mi mú. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń bínú sí ọ ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó dákẹ́ ti ń lọ."

Kí n má parọ́, Màmá nìkan kọ́ ló sọ iṣẹ́ náà di ńlá. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò ìyá mi, ló ṣe é. Ó ti bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan n'Íkẹjà tajà rí kó tó padà wá bá ìyá rẹ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà. Àwọn tó ti pa ilé tì ní àbọ̀ tún ń gbé bíríkì lé bíríkì, gbogbo ògiri l'Ékòó ló dà bí ẹni ń béèrè ọ̀dà. Ṣùgbọ́n inú orí Màmá ni gbogbo ọjà wà. Màmá nìkan ló mọ ẹni tó ń ra kí ni. Àwa méjì lè lọ bá oníbàárà kan náà ká sọ ọ̀rọ̀ méjì fún un. Bùrọ̀dá pín ìlú: ẹnì kan fún Dopemu àti Akọ́wọ́njọ, ẹnì kan fún Ọgbà, ẹnì kan fún Ìkẹjà. Èmi náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, ó fi mí sí Agége. Ó kọ́ wa pé ká gbọ́ ká tó sọ, ká mọ ẹni tó ni àṣẹ ká tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ọjà, ká sì padà lọ́jọ́ tá a ní a ó padà. Ó ra táì fún àwọn ọkùnrin. Ó gbé pátákó dúdú sára ògiri, ó kọ orúkọ wa sí i. Ó sì so agogo kan sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: ẹni tó bá ti tajà, kó wá lù ú, ká pàtẹ́wọ́ fún un.

Agogo yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá jáde láti ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, ọwọ́ wọn funfun dé ìgúnpá.

"Káyọ̀dé, kí lẹ̀ ń lu agogo fún?"

"Gbénga ló tajà, Màmi."

"Ṣé ọ̀dà náà ti débẹ̀?"

"Rárá o. Ọ̀la la ó gbé e lọ."

"Ṣé wọ́n ti kùn ún?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́ ná!"

"Ó dáa. Nígbà tó bá gbẹ lára ògiri, tí ẹni tó rà á ò kígbe, ẹ wá lu agogo. Èmi náà á wá bá yín jó."

A rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ wà ní kékeré kí ẹ̀rù lè kéré. Ó ṣe mí bí ẹni pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Màmá dá a lóhùn pé, "Ẹ̀rù mi ò kéré rí, Káyọ̀dé. Ìgbà tí mo ní dúrọ́ọ̀mù kan, bó ṣe tó náà nìyí."

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí ọjà tà jù. Obìnrin kan tí mo máa pè ní Ìyáàfin Adétọ̀míwá ń kọ́ ilé-ìwé tuntun lápá Ọgbà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá rẹpẹtẹ. Ó fẹ́ àwọ̀ búlúù kan tó dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ó ti sọ ọjọ́ tí ilé-ìwé máa ṣí fún àwọn òbí. Gbénga, tó ń tajà fún wa l'Ọ́gbà, ní kó má ṣe yọnu, gbogbo ọ̀dà á ti pé kó tó dọjọ́ náà. Agogo dún lọ́jọ́ yẹn bíi ti ọjọ́ Kérésìmesì. Àwọn oníbúrẹ́dì pàápàá yọjú.

Màmá pe Gbénga. "Ta lo bi léèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà kó o tó dá ọjọ́ fún un?"

Gbénga wo Bùrọ̀dá Káyọ̀dé. Bùrọ̀dá wo ilẹ̀. 

A gbé ìwọ̀nba lọ. Èyí tó kù pọ̀ ju èyí tá a gbé lọ. Nígbà náà ni iná ìjọba, tó ti ń ṣẹ́jú láti àárọ̀, dé lójijì pẹ̀lú agbára. Ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà hó gùdù lẹ́ẹ̀kan, èéfín bolẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe tú inú rẹ̀, ó mi orí. Ó ní òun á gbé e lọ, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ ìgbà tó máa padà. Àwọn òṣìṣẹ́ wa mú igi, wọ́n ń fọwọ́ rò ó. Kókó kún inú rẹ̀. 

Bùrọ̀dá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, òun, Màmá àti èmi.

"Ọ̀nà kan ló wà," ó ní. "Ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà ní búlúù yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká rà á, ká dà á sínú garawa tiwa, ká gbé e lọ. Ọ̀dà ni ọ̀dà ń jẹ́."

"Tó bá ṣí lára ògiri ńkọ́? Orúkọ ta ni obìnrin yẹn máa pè?"

"Kò ní ṣí, Màmi. Ọ̀dà gidi ni."

"Kí ló dé tí a ò fi ní gbé e lọ nínú garawa àwọn tó ṣe é?"

Bùrọ̀dá nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Tá a bá sọ fún un pé kò ní pé, á lé wa. Ẹ wo àwọn tó wà lóde yẹn. Kí la fẹ́ sọ fún wọn lópin oṣù? Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ sọ fún bàbá ọlọ́mọ pé ògiri ò purọ́?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sọ. Bí ọkàn Màmá bá dàrú, Èkìtì máa ń yọ lẹ́nu wọn, iṣẹ́ á di uṣẹ́, ilé á di ulé. Wọ́n ní, "Uṣẹ́ yìí á pa mí." Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè wo ọmọ wọn. "Káyọ̀dé, tó bá lé wa, a ó mọ̀ pé ó lé wa. Èyí tí ò ń sọ yìí, a ó máa retí ìgbà tó máa tú fún gbogbo ọjọ́ ayé wa. Èmi ò lágbára ìretí yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wọ bùbá àti ìró tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni wọ́n mú dání. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ sọ dánra wò, wọ́n ń gbàgbé ibi tí wọ́n dé, wọ́n ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a dé iwájú ilé-ìwé náà, wọ́n ní kí awakọ̀ dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n lọ sẹ́yìn ògiri, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń bì. Wọ́n fi omi fọ ẹnu, wọ́n tún gèlè wé. "Ó tó," wọ́n ní. "Jẹ́ ká wọlé."

Àwọn akunlé wà lórí igi tí wọ́n ń gùn, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ìyáàfin Adétọ̀míwá rò pé ọjà la gbé dé.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ọkọ̀ mélòó lẹ gbé wá?"

"Kò sí ọkọ̀ kankan," Màmá ní. "Ọ̀dà yín ò ní pé ọjọ́. Ẹ̀rọ wa bàjẹ́. Mo wá sọ fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè."

Obìnrin náà dúró gbọnrangandan. "Gbénga ní kò séwu! Ọ̀gá rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀!"

"Gbénga ò purọ́ fún yín. Iṣẹ́ tá a rán an ló jẹ́. Àwa tá a rán an la ò kọ́kọ́ bi ara wa léèrè." Màmá yọ agolo kékeré kan láti inú àpò wọn, wọ́n ṣí i. "Ẹ wò ó. Búlúù yín nìyí. Tèmi kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà ló ṣe é, mo rán èèyàn lọ bù ú wá lánàá, ó pọ̀ nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rán èèyàn lónìí, ẹ máa bá ọjọ́ yín."

"Ẹ̀yin lẹ ń bá ẹlòmíràn tajà fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyáàfin."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa yọ́. Inú rẹ̀ ò yọ́. Ó pariwo, ó sọ ohun tí àwọn òbí máa sọ, ó sọ ohun tí ojú òun ti rí kí ilé yẹn tó dúró. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo tiyín lọ. Èyí tẹ́ ẹ ti gbé wá tẹ́lẹ̀ náà, ẹ kó o. N ò fẹ́ rí i." A bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Màmá fẹ́ gbé garawa, akunlé kan sọ̀kalẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ wọn. 

Nígbà tá a ń padà, Màmá tú gèlè wọn, wọ́n ká a sórí itan.

"Bísọ́lá, mo ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ò bà, àbí?"

"Rárá, Màmá. Ó hàn."

Wọ́n ronú sí i. "Kò burú. Kó hàn. Ẹ̀rù tó hàn kì í ṣe irọ́."

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Agogo dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n máa lé àwọn, tí mo bá sì wọlé, wọ́n á dákẹ́. Gbénga ò wá síṣẹ́ mọ́. Màmá ní kí n mú wọn dé ilé rẹ̀. A bá a lórí ẹní, ó dọ̀bálẹ̀ kí a tó jókòó.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má lé mi."

"Ta ló lé ọ? Mo rán ọ lọ sọ ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Dìde, lọ wẹ̀. Mo nílò ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè."

Bí ìpàdé àárọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, kí a tó jáde lọ tajà, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, àwa àti àwọn tó ń pò ó. Gbénga ló kọ́kọ́ béèrè, ojú ń tì í: "Kí lẹ lè ṣe tán lọ́sẹ̀ yìí?" Wọ́n sọ fún un. Kò sẹ́ni tó tún dá ọjọ́ fún oníbàárà láìgbọ́ ìdáhùn yẹn. Bùrọ̀dá dúró sẹ́yìn pátápátá níbẹ̀rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Nígbà tó yá, mo rí i tó mú ẹfun, tó ń kọ ohun tí àwọn tó ń po ọ̀dà sọ sórí pátákó rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwa tá à ń tà. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun gbà. Ìyá rẹ̀ náà ò sì béèrè.

Nǹkan ò dára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà wálẹ̀ ní gbogbo àkókò òjò yẹn. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tajà fi wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ padà dé, a ò lé ẹnì kankan. Díẹ̀díẹ̀, àwọn bíi Alhaji Dopemu bẹ̀rẹ̀ sí í tètè sọ ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tá a bá dá, òun náà ni. Ilé-iṣẹ́ náà dàgbà, ó tilẹ̀ dàgbà ju bí Bùrọ̀dá ṣe rò lọ. Ìyáàfin Adétọ̀míwá ò ra ọjà wa mọ́ láéláé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí Màmá júwe fún un ló ti ra búlúù rẹ̀, ilé-ìwé sì ṣí lọ́jọ́ tó dá. Tí a bá gba ibẹ̀ kọjá, Màmá á ní kí ọkọ̀ rọra. Wọ́n á wò ó láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì sọ pé, "Ó gbẹ dáadáa." Ìyẹn nìkan.

Ilé Bùrọ̀dá Káyọ̀dé n'Íkẹjà ni Màmá wà nígbà àìsàn tó gbé wọn lọ. Ewú ti gba orí Bùrọ̀dá náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná dúró, Màmá ti kọ̀ ọ́ láti àárọ̀. Fóònù Bùrọ̀dá dún.

"Rárá, sà," ó ń sọ. "N ò lè ṣèlérí ọ̀la fún yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sọ fún mi. Ẹ má bínú, sà." Ẹni tó wà lódìkejì ń pariwo, gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Bùrọ̀dá rọra gbé fóònù náà sílẹ̀.

Màmá ò lajú. "Ta ni?"

"Oníbàárà ni, Màmi."

"Ṣé ó bínú?"

"Ó bínú gan-an."

"Ṣé á lọ ra ti ẹlòmíràn?"

"Ó ṣeé ṣe kó lọ."

Màmá na ọwọ́, wọ́n ń wá a kiri lórí aṣọ ìbora títí wọ́n fi kan orúnkún ọmọ wọn.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́, Káyọ̀dé?"

Bùrọ̀dá wò mí, ó tún wo ìyá rẹ̀. "Ó ń bà mí, Màmi."

"Bísọ́lá," Màmá ní, "gbé ẹ̀kọ yẹn wá. Bu tirẹ̀ fún un. Kí èmi àti ọmọ mi jọ mu ún."